Ìdí Tí Ṣakabùlà Fi Wà Lóko Wa

Ọ̀yà kì í jẹ àgbàdo tán. Ìdí igi rẹ̀ ni yóò gé, yóò jẹ ìwọ̀nba tó wù ú, yóò sì kọjá sórí òmíràn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn ọ̀bọ yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn àgbẹ̀ Oro-Ago ṣe ń gbé ìbọn lọ sóko, ṣakabùlà sì ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ pé àìsí owó ni kò jẹ́ kí wọ́n ra ráífù. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtàn ti bá wa yan ìbọn kí owó tó dé.

Ní ọdún 1877 ni ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, tí àwa Ìgbómìnà wà nínú rẹ̀. Ìbọn tí wọ́n mọ̀ nígbà náà, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń da ẹ̀tù sí, wọn a fi ọ̀pá kì í, wọn a kó ọta tẹ̀lé e. Ẹni tó bá yìn ín tán gbọ́dọ̀ dúró tún un kì. Ìgbà tó yá, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ń ṣòwò ní Èkó fi ráífù Snider ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń ti ọta bọ ìyẹn; ẹ̀tù àti ọta wà pọ̀ nínú kátíríìjì kan ṣoṣo. Ihò rẹ̀ ní ìlà lílọ́ tó ń mú kí ọta pòòyì, kí ó sì lọ tààrà. Ìbàdàn tí gbogbo ayé ń sá fún kò lè ṣẹ́ wọn mọ́.

Ní oṣù Keje ọdún 1890, orílẹ̀-èdè 17 fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Brussels. Wọ́n ní òwò ẹrú ni àwọn fẹ́ fi òpin sí, òótọ́ sì ni pé ìbọn ni wọ́n fi ń kó ẹrú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n kọ: kí ráífù má wọ apá tó pọ̀ jù nínú Áfíríkà, ìbọn olókùúta tí kò ní ìlà lílọ́ nínú ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ní 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé Maxim dojú kọ Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Lójú tèmi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹrú nìkan ló wà lọ́kàn wọn.

Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ṣì ya ṣakabùlà sọ́tọ̀ pẹ̀lú ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ráífù ọdẹ tàbí ìbọn ẹlẹ́nu méjì, ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ni àṣẹ rẹ̀ wà.

Mo bi bàbá mi àgbà, ọdẹ ni wọ́n, èwo ni wọn ì bá mú. Wọn kò mú ráífù. Wọ́n ní oko wa fara kan oko ẹlòmíràn, àwọn obìnrin sì ń wa gbágùúdá níbẹ̀. Òótọ́ ni: ọta ráífù kékeré .22 pàápàá lè rìn ju kìlómítà 1 lọ bí kò bá rí ohun dá a dúró. Ẹlẹ́nu méjì ni wọ́n fẹ́, nítorí ọta wẹ́wẹ́ rẹ̀ máa ń fọ́n ká, agbára rẹ̀ a sì tètè tán.

Ṣùgbọ́n ṣakabùlà ló wà lọ́wọ́ wọn. Páìpù omi ni àgbẹ̀dẹ fi ṣe ẹnu rẹ̀, irú rẹ̀ sì ti bẹ́ mọ́ ọdẹ kan lọ́wọ́ rí. Ìdérí ìgò kékeré ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù sí i. Bí òjò bá ti ṣú, wọn kì í yìn ín rárá; agolo ni a máa ń lù láti lé ọ̀bọ.