Bachelier àti Owó tí Ọjọ́ ń Jẹ

Bí ẹ bá sanwó fún ẹ̀tọ́ láti ra nǹkan ní iye kan pàtó kí ọjọ́ kan tó pé, èló ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó ń kọjá ń jẹ nínú owó yẹn? Ìbéèrè tí àwọn tó ń ṣòwò option ń bi ara wọn lójoojúmọ́ nìyí. A kì í ṣe ọmọ ẹ̀ka ìṣirò, àmọ́ ìtàn ọkùnrin tó fi ìṣirò dáhùn rẹ̀ ká wa lára.

Òwò náà ti pẹ́. Ní 1688 ni Joseph de la Vega ti kọ̀wé nípa ọjà ìpín ìdókòwò ní Amsterdam, ó sì mẹ́nu ba option níbẹ̀. Oníṣòwò wo ni kò mọ̀ pé ẹ̀tọ́ oṣù mẹ́ta máa ń wọ́n ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ? Iye tó fi wọ́n jù ú lọ gan-an ni wàhálà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, ọdún 1900, Louis Bachelier, ọmọ Le Havre, gbé iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Paris. Henri Poincaré wà lára wọn. Ọjà ìwé gbèsè ìjọba Faransé ni ó yẹ̀ wò. Ó ní bí ẹnikẹ́ni ò bá mọ ibi tí ọjà máa yà sí, iye option máa ń tẹ̀lé square root iye àkókò tó kù.

Ẹ jẹ́ ká fi náírà wò ó. Ká ní option tó ku ọjọ́ 100 jẹ́ ₦1,000, tí ọjà sì dúró gbári sórí iye tí wọ́n fi ṣàdéhùn. Tó bá ku ọjọ́ 81, ó di ₦900: ọjọ́ 19 ló jẹ ₦100. Tó bá ku ọjọ́ 4, ₦200 ni. Tó bá ku ọjọ́ kan, ₦100, ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn á sì gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ẹni tó bá pín ₦1,000 sí ọ̀nà 100, tó ní ₦10 ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ń jẹ, ti ṣìrò. Àwọn àgbà kúkú ti ní ìgbà kì í lọ bí òréré. Ẹni tó ta option kì í sì í jẹ ọ̀fẹ́ o: bí ọjà bá fò sókè lójijì, ó lè san ju gbogbo ohun tó ti gbà lọ.

Wọn ò fún Bachelier ní máàkì tó ga jù. Ní 1926, wọ́n kọ̀ ọ́ ní Dijon nítorí pé Paul Lévy, onímọ̀ ìṣirò, rò pé ó ṣe àṣìṣe. Lévy ló ṣì í kà. Ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Bachelier ti pé ẹni ọdún 57 kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Besançon.

Ní 1973, Fischer Black àti Myron Scholes gbé ìlànà ìṣirò tiwọn jáde, ọdún yẹn náà ni ọjà option ṣí ní Chicago. Theta ni wọ́n ń pe ohun tí ọjọ́ ń jẹ báyìí. Scholes àti Robert Merton gba ẹ̀bùn Nobel ní 1997. Black ti kú ní ọdún méjì ṣáájú, Bachelier sì ti kú láti 1946.