Ta Ni Yóò Tẹ Ìtàn Àwọn Òǹtẹ̀wé?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni mo wá lọ nígbà tí mo ń tọpasẹ̀ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú àti Bàrígà.

Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Ọdún náà gan-an ni a dá CMS Grammar School, tí ó wà ní Bàrígà lónìí, sílẹ̀ ní Èkó. Ìfọ́lé ọdún 1867 pa Ìwé Ìròhìn, ṣùgbọ́n kò pa iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ṣómólú ni ọ̀pọ̀ ará Èkó wá ń gbé káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú àti kàlẹ́ńdà lọ.

Bàbá òǹtẹ̀wé kan ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ti ń to lẹ́tà òjé níkọ̀ọ̀kan, kí ojú rẹ̀ yí padà, kí ó lè tọ́ lórí ìwé. Nígbà tí ẹ̀rọ ọ́fúsẹ́ẹ̀tì gbòde, tí kọ̀ǹpútà sì tẹ̀lé e, òjé di aláìwúlò. Mo bèèrè tirẹ̀. Ó ní òun ti tà á fún àwọn tí ń yọ́ irin. Mo bèèrè iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó tẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín: “Oníbàárà kó gbogbo rẹ̀ lọ.”

Ẹni tí ó tọ́jú ìtàn ìdílé gbogbo kò tọ́jú tirẹ̀. Bí a kò bá tètè kọ ohun tí irú wọn mọ̀ sílẹ̀, àrọ́bá pàápàá yóò tán.