Àwo Orin Wa àti Àká Orin Inú Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí mo fẹ́ da àwọn kásẹ́ẹ̀tì àpàlà àti jùjú mi sínú kọ̀ǹpútà, mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni. Ètò tí ó ń tọ́jú orin bèèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ mi: àkọlé orin, orúkọ olórin, àkọlé àwo. Nílé wa, kò sí ẹni tí ó ń pe orin bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń wí ni pé, ‘Ẹ bá wa fi èyí tí Hárúnà ti ki ẹgbẹ́ Òṣogbo yẹn sí i.’ Àwo Oroki Social Club ti 1971 ni à ń sọ.

Ó yẹ kí á mọ ibi tí ìbéèrè mẹ́ta yìí ti wá. Ní ayé àwo tí ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú àwo kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ibẹ̀ ni àṣà kí orin kan dá dúró, kí ó ní àkọlé tirẹ̀, ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 1948, ilé-iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo ńlá jáde, tí ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń gbà ju 20 ìṣẹ́jú lọ. Àwọn olórin wa jẹ àǹfààní yìí dé góńgó. Ní àwọn ọdún 1970, Ebenezer Obey àti Sunny Adé a máa fi odindi ojú àwo kọrin láìdánudúró: oríkì á bọ́ sínú ìkìlọ̀, ìkìlọ̀ á bọ́ sínú òwe, ìlù á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.

Àwọn tí ó ṣe ètò kọ̀ǹpútà kò bá wa lójú agbo. Ní 1996, Eric Kemp ṣe àmì ìdánimọ̀ tí a ń lẹ̀ mọ́ ìdí orin MP3: àyè lẹ́tà 30 fún àkọlé, 30 fún olórin, 30 fún àwo. Ẹ̀yà orin 80 ni ó wà nínú àtòjọ rẹ̀. Jùjú kò sí níbẹ̀, àpàlà kò sí, fújì kò sí. Kò tilẹ̀ sí àyè fún ẹ àti ọ wa tí a fàmì sí nídìí. (Èmi tí mo ń fi irú àmì bẹ́ẹ̀ jẹun, ẹ fojú inú wò ó!) Àtúnṣe ti 1998 ni ó fàyè gbà wọ́n. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni iTunes ti Apple dúró nígbà tí ó jáde ní 2001.

Ẹni tí ó bá ń gbọ́ orin ní ẹyọ-ẹyọ, ètò yìí bá a mu rẹ́gí. Ní tèmi, bí mo bá gé ojú àwo sí wẹ́wẹ́, tí kọ̀ǹpútà sì ń ṣà á bí ó ti wù ú, àárín ọ̀rọ̀ ni olórin yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí n kò bá sì gé e, báwo ni n ó ṣe rí ibi tí wọ́n ti ki ẹni tí mò ń wá? Àwọn tí ń gbọ́ orin àgbà ilẹ̀ Yúróòpù mọ irú ìyà yìí, torí pé ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Apple ṣe ètò ọ̀tọ̀ fún wọn ní 2023. N kò tíì rí irú rẹ̀ fún tiwa.

Àyè kékeré kan wà tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àlàyé. Ibẹ̀ ni mo ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n kì sí, àti ìṣẹ́jú tí oríkì wọn ti bẹ̀rẹ̀. Odindi ojú àwo ni mo fi sílẹ̀ láìgé. Kásẹ́ẹ̀tì tí ó kù nílẹ̀ ṣì pọ̀. Àwọn tí ó lè sọ fún mi ẹni tí wọ́n kì nínú wọn ni kò pọ̀ mọ́.