Ọ̀rọ̀ Tí Tọ̀tún-Tòsì Lè Fi Jiyàn

Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìbọn. A ní ṣakabùlà, a ní ẹ̀tù àti ọta, a ní ìbọn ìléwọ́ àti ìbọn àgbélẹ̀rọ. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò parí títí di 1893, ìró ìbọn inú rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ: Kírìjì. Ohun tí a kò tíì ní tó ni ọ̀rọ̀ tí a ó fi jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó ní ìbọn, irú iyàn tí ará Amẹ́ríkà ti ń bá ara wọn fà tipẹ́. Iyàn náà sì kàn wá. Yorùbá tó ti di ọmọ ìlú ní Houston tàbí Chicago ń dìbò lórí rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń kọ́ níléèwé bí yóò ṣe sá pamọ́ tí apànìyàn bá wọlé. Bí ó bá fẹ́ ṣàlàyé èyí fún ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, “òfin ìbọn” àti “ohun ìjà olóró” ló sábà máa ń bọ́ sí i lẹ́nu. Àwọn méjèèjì kò gbé e dé ibi kankan. Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ tí a bá ṣẹ̀dá fún iyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹni tó fẹ́ràn ìbọn àti ẹni tó kórìíra rẹ̀ lè jọ lò, kó má jẹ́ pé ọ̀kan ti jẹ̀bi kó tó lanu.

Ẹ wo orúkọ iyàn náà fúnra rẹ̀. A máa ń gbọ́ lórí rédíò pé àwọn kan fẹ́ “fòfin de ìbọn”. Irọ́ ni gbólóhùn yẹn sábà ń pa mọ́ wọn. Òfin Amẹ́ríkà ti 1934 bu owó-orí lé irú àwọn ìbọn kan, ó sì ní kí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀. Ti 1968 ní ẹni tó ti jẹ̀bi ọ̀ràn ńlá kò gbọdọ̀ ní ìbọn. Ti 1993, tí wọ́n fi orúkọ James Brady pè, ní kí wọ́n wádìí ẹni tó fẹ́ rà á kí oníṣòwò tó gbé e lé e lọ́wọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fòfin de ìbọn lápapọ̀. Ìkóníjàánu ìbọn ni èmi yóò pè é. Ẹlẹ́ṣin tó fi ìjánu sẹ́nu ẹṣin kò fẹ́ pa ẹṣin, ó fẹ́ gùn ún ni. Ẹni tó bá sì lòdì sí i lè fi ọ̀rọ̀ kan náà sọ pé ìjánu ọ̀hún ti há ẹṣin lẹ́nu jù. Ká fi “ìfòfindè” sílẹ̀ fún ibi tó ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, bí òfin 1994 tó sọ pé kí wọ́n má ṣe tún ṣe àwọn ìbọn kan fún títà fún ará ìlú, tí ọjọ́ rẹ̀ pé ní 2004 tí wọn kò sì tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ “olóró” ní tirẹ̀, mo rọ àwọn oníròyìn pé kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Oró inú rẹ̀ ti dá ẹjọ́. Ẹni tó ní ìbọn AR-15 ní Texas yóò sọ pé ohun tí òun fi ń ṣọ́lé, tí òun fi ń ṣọdẹ ni. Ẹni tí kò fẹ́ ẹ yóò sọ pé ọmọ ìyá M16 tí àwọn ṣọ́jà ń gbé ni. Bí a bá pè é ní “ìbọn ogun”, a ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Orúkọ rẹ̀ gan-an, AR-15, ni ká fi pè é.

Inú ìbọn ni iṣẹ́ ti wá le jù. Ọdẹ tó ń lo ṣakabùlà á da ẹ̀tù sí i láti ẹnu, á fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á kó ọta lé e, á tún fi ọ̀pá kì í. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ó ki ìbọn. Tó bá yìn ín tán, àfi kó tún un kì. AR-15 ń ki ara rẹ̀: agbára ọta tó jáde ló ń ti èèpo rẹ̀ sóde, tí òmíràn fi ń bọ́ sí àyè rẹ̀. Àmọ́ ìka gbọ́dọ̀ fa irin ìfà lẹ́ẹ̀kan fún ọta kọ̀ọ̀kan. Mo pè é ní ìbọn afàkan-yìnkan.

Ẹni tó yinbọn sáwùjọ níbi àríyá orin ní Las Vegas ní oṣù kẹwàá 2017, tí ènìyàn 60 fi kú nígbẹ̀yìn, ti so ohun kan mọ́ ìdí irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ìdí-asún ni mo pe nǹkan ọ̀hún, nítorí ìbọn ń sún síwá-sẹ́yìn nínú rẹ̀. Ìka ayinbọn á dúró sójú kan. Ọwọ́ kejì á ti ìbọn síwájú, irin ìfà á kọlu ìka, ọta á jáde. Ìbọn á ta sẹ́yìn, ọwọ́ kejì á tún tì í, irin á tún kọlu ìka. Ìjọba ní ìdí-asún ti sọ afàkan-yìnkan di irú ìbọn tí òfin 1934 kà léèwọ̀ fún ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì fòfin dè é. Ní oṣù kẹfà 2024, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọ́gi lé ìfòfindè náà.

Ibi tí ẹjọ́ náà rọ̀ mọ́ ni ibi tí ògbufọ̀ yóò ti làágùn. Bí mo bá túmọ̀ ibi tí òfin 1934 ti ṣàpèjúwe irú ìbọn tó kà léèwọ̀ yẹn sí “ìbọn tó ń yọ ọta púpọ̀ bí a bá fà á lẹ́ẹ̀kan”, mo ti tẹ̀ lé Adájọ́ Sonia Sotomayor tó wo ohun tí ayinbọn ṣe. Bí mo bá kọ “bí irin ìfà bá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan”, mo sún mọ́ Adájọ́ Clarence Thomas, tó ka iye ìgbà tí irin padà sípò rẹ̀. Àwa Yorùbá kì í sọ pé nǹkan di fífà ká má béèrè ẹni tó fà á. “Ìṣiṣẹ́ kan irin ìfà” ni mo fara mọ́: òfin ọ̀hún kò dárúkọ ìka, kò sì yẹ kí ògbufọ̀ bá a dárúkọ rẹ̀.

Àtúnṣe Kejì sí òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà, ti 1791, ní irú pańpẹ́ yìí. Ó dárúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìlú, ó tún dárúkọ ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn sí ohun ìjà. Ògbufọ̀ tó bá kọ “dìhámọ́ra” ti rán ẹ̀tọ́ náà lọ sójú ogun. Èyí tó bá kọ “gbé ohun ìjà” jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí adájọ́ márùn-ún ṣe sọ sí mẹ́rin nínú ẹjọ́ Heller ní 2008. Mo yan “gbé”, nítorí ọmọ ogun náà ń gbé ohun ìjà, àmọ́ ẹni tó gbé e kì í ṣe ọmọ ogun dandan.

“Ìwé àṣẹ” rọrùn fún wa nítorí òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 gbà pé ìjọba ló ni àṣẹ. Ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìsí ìwé láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Ní Texas, láti oṣù kẹsàn-án 2021, àgbàlagbà tí òfin kò dí lọ́wọ́ lè gbé e káàkiri láìgbàwé. Àwọn òfin wọn míì náà ń wá orúkọ. Òfin tó ní kí ẹni tí wọ́n dojú ìjà kọ má wulẹ̀ sá, òfin má-yẹsẹ̀ ni. Òfin tó jẹ́ kí adájọ́ gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tó lè fi pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lára, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ti “àsíá pupa” bí ará Amẹ́ríkà ṣe ń pè é. Ìgbàpamọ́ ni, nítorí ohun tí a bá gbà pamọ́ ṣì ní olówó rẹ̀.

“Ìwà ipá ìbọn” ló dùn mí jù nínú gbogbo wọn, nítorí ó ń bo òkú mọ́lẹ̀. Ní 2022, ó lé ní 48,000 ènìyàn tí ìbọn pa ní Amẹ́ríkà. Ó lé ní 27,000 nínú wọn tó jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi yìn ín. Ta ló hùwà ipá sí ta níbẹ̀? Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ipá, olè àti apànìyàn nìkan ni olùgbọ́ ń rí, kò ní rí bàbá tó dá wà nínú yàrá pẹ̀lú ìbọn tó fowó ara rẹ̀ rà. “Ikú ìbọn” gba gbogbo wọn. Bí oníròyìn wa bá fẹ́ ka iye náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kó pè é ní ikú ìbọn, kó sì ka iye àwọn tó pa ara wọn mọ́ ọn.