Àwọn Oníṣòwò Yorùbá àti Ìsọjí Oko Aṣántì

Ashanti New Town jẹ́ àdúgbò kan ní Kúmásì, ní ìtòsí Mánhíyà tí ààfin Asantehene wà. Orúkọ rẹ̀ nìkan tó láti fi hàn pé ìlú mìíràn ti wà kí ó tó dé. Ní ọdún 1874 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dáná sun Kúmásì. Ní 1896 wọ́n mú ọba Prempeh Kìn-ín-ní lọ sí ìgbèkùn. Ní 1900 ogun Yaa Asantewaa tún mi ìlú náà jìgìjìgì. Síbẹ̀ ó sọjí.

Kòkó àti ojú irin ni ó gbé e dìde. Ní 1903 ni ọkọ̀ ojú irin ti Sekondi dé Kúmásì. Ti Accra dé ní 1923. Kòkó ń ti inú igbó jáde, owó sì ń wọ inú oko lọ. Ṣùgbọ́n a kì í jẹ owó, a kì í sì í fi í bora. Bí kò bá sí ẹni tí yóò gbé aṣọ, iyọ̀, àdá, ìṣáná àti àtùpà dé ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀, kí ni yóò fi owó kòkó ṣe? Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí ó gba iṣẹ́ yìí ṣe. Wọ́n wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbòho àti Èjìgbò. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbá kan ṣoṣo ní orí, ó ń ti ọjà oko kan bọ́ sí òmíràn, ó ń pín ọjà sí wẹ́wẹ́ kí ọwọ́ tálákà lè tó o, ó sì ń ta àwìn títí di ìgbà ìkórè. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ròkè díẹ̀, a ránṣẹ́ sí ilé pe àbúrò rẹ̀ wá kọ́ òwò. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1960, Yorùbá tí ó wà ní Gáńà tó nǹkan bí 100,000. Èrè ni wọ́n ń wá, kì í ṣe àánú ni wọ́n ń ṣe. Àwọn onílẹ̀ tí ó ń kùn pé àlejò gba ọjà mọ́ àwọn lọ́wọ́ kò sì parọ́ pátápátá.

Ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966 ni Nkrumah ṣí ìsédò Akosombo. Nǹkan bí 80,000 ènìyàn ni omi rẹ̀ lé kúrò ní ilé wọn. Iná mànàmáná dé àwọn ìlú ńlá, ilé iṣẹ́ alumíníọ̀mù ti Tema sì gba èyí tí ó pọ̀ jù. Àtùpà elépo ni ọ̀pọ̀ oko ń tàn síbẹ̀. Nítorí náà ni inú àwọn ará oko fi dùn nígbà tí K. A. Busia, ọmọ Wenchi, di olórí ìjọba ní 1969, tí ó ṣèlérí ọ̀nà, omi àti iná fún wọn. Ìjọba yìí kan náà ni ó pàṣẹ ní ọjọ́ 18 Oṣù Kọkànlá ọdún náà pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gáńà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Ìgbà ìkórè kòkó ni, àkókò tí gbèsè ọdún ń wọlé. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi gbèsè náà sílẹ̀, wọ́n ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n sì kó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ẹnu òbí wọn nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn alágbàṣe láti ilẹ̀ òkèèrè kúrò pẹ̀lú, oko kòkó sì wá ọwọ́ tì.

Ní 1970 òfin fi òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ Gáńà nìkan. Ní ọjà Kúmásì, àwọn ará Aṣántì, tí obìnrin pọ̀ nínú wọn, gba àwọn ìsọ̀ tí ó ṣófo. Èyí rọrùn, ẹni tí yóò tún máa ta àwìn fún àgbẹ̀ nínú oko ni ó ṣòro láti rí. Ní ìparí 1971 Busia dín iye owó sídì kù, ọjà òkè òkun sì gbówó lórí. Ní ọjọ́ 13 Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1972 àwọn sójà gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di 1989 kí Gáńà tó bẹ̀rẹ̀ ètò láti tan iná mànàmáná dé gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Abúlé tí kò bá fẹ́ dúró de ìgbà tirẹ̀ ní láti fi owó ara rẹ̀ ra òpó iná kí ìjọba tó fa wáyà dé ibẹ̀.