Lẹ́tà Tí Kò Dé Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun

Ìtàn owó ẹgbẹ́ wà lójú ewé mìíràn. Èyí tá a fẹ́ sọ níbí, ìtàn jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni. Ó ti mú ọ̀kan nínú wa lọ. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, ẹ̀jẹ̀ tún ń wá. Ojú ń tì í láti sọ, àwa náà ò béèrè. Ìgbà tó fi dé ọsibítù, ó ti pẹ́ jù.

Bẹ́ẹ̀ àìsàn yìí kì í yára. Kòkòrò HPV tó ń fà á, Harald zur Hausen ará Jámánì ló rí i nínú jẹjẹrẹ náà ní 1983, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Ìbálòpọ̀ ló ń gbé e kiri, ó sì wọ́pọ̀ débi pé ìyàwó olóòótọ́ pàápàá lè kó o. (Nítorí náà, ẹ yé pe aláìsàn ní oníṣekúṣe.) Ara sábà máa ń lé e lọ. Èyí tí kò bá lọ lè lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kó tó di jẹjẹrẹ. Láàárín ìgbà yẹn ni àyẹ̀wò wúlò.

Ní Ìlú Ọba, wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò láti bí 1964, àmọ́ ẹni tó bá wá ni wọ́n ń rí. Ní 1988 ni wọ́n kó orúkọ gbogbo obìnrin jọ, tí wọ́n ń fi lẹ́tà pè wọ́n nígbà tó bá yí kàn wọ́n. Ẹni tí kò bá wá, wọ́n á tún kọ sí i. Ìgbà náà ni ikú tó ń ti ibẹ̀ wá tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ gan-an.

Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Láti 1960 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó ní jẹjẹrẹ sílẹ̀ n'Íbàdàn, ṣùgbọ́n ta ló ń pe ẹni tára rẹ̀ ṣì le? Ní October 2023, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ HPV lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14, Ọ̀ṣun sì wà lára ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gbà á. Ó dáa fáwọn ọmọ wa. Àwa ìyá wọn ńkọ́?

Ní Mumbai, ní Íńdíà, wọ́n kọ́ àwọn obìnrin tí kì í ṣe dókítà láti fi fínígà kan ẹnu ilé ọmọ. Ibi tí kò dáa á funfun. Nínú èsì tó jáde ní 2013, ikú fi 31 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Tí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè fi òtútù tàbí ooru pa ibẹ̀, láìsí iṣẹ́ abẹ ńlá.

Àwa náà ní ìwé orúkọ. Ẹni tí kò bá dá owó oṣù kan, kí ilẹ̀ tó ṣú a ti mọ̀. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé fa ìlà kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti owó: ọjọ́ tó ṣàyẹ̀wò. Ká bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tó ti pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹ bi nọ́ọ̀sì àdúgbò yín. Tí kò bá sí níbẹ̀, Òṣogbo ò jìnnà. Ẹni tí ojú bá ń tì, kó mú ẹnì kejì dání.