Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Lórí Ọmọ Tí Ìdàgbàsókè Rẹ̀ Kọ Àwọn Òbí Lóminú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá gbọ́ òwe yìí lè rò pé ọ̀rọ̀ ìkómọjáde nìkan ni, nítorí pé ipò tí ìdílé wà ló máa ń bí orúkọ tí a fún ọmọ. Ṣùgbọ́n òwe náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ètò ló fi lélẹ̀ fún wa: wíwò ló ń ṣáájú, orúkọ ló ń kẹ́yìn. Ètò yìí gan-an la máa ń dojú rẹ̀ dé tí ọmọ bá pé ọdún mẹ́ta tí kò sọ̀rọ̀, tí kì í dáhùn bí a bá pè é, tí kì í bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, tàbí tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì. Ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, bí ó ti rí níbi púpọ̀, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ gba orúkọ. Ìyá àgbà lè ní emèrè ni, kí olùkọ́ pè é ní alágídí, kí aládùúgbò pè é ní dìndìnrìn, kí ẹni tó wo fídíò lórí fóònù sì ní ọ́tísíìmù ni. Ọ̀kan nínú wọn lè bọ́ sí i lóòótọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò yẹ ká gba èyíkéyìí títí a ó fi wo ilé náà yíká, àti pé èyí tó pọ̀ jù nínú wíwò yẹn lè bẹ̀rẹ̀ nítòsí ilé.

Orúkọ àkánjú léwu nítorí pé àmì kan ṣoṣo lè ti inú ohun púpọ̀ wá. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ tí kì í dáhùn sí orúkọ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa: ó ń yíjú bí ilẹ̀kùn bá dún gbàmù, èyí sì ń tan àwọn òbí jẹ, nítorí pé ohùn ènìyàn tó rọlẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibà pọ́njú tó ń mú ọmọ tuntun wà lára ohun tó ń ba etí àti ọpọlọ jẹ́ nílẹ̀ wa bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní ànító èròjà tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD lè kó o látara kánfọ̀ tí a fi tọ́jú aṣọ rẹ̀ pamọ́. Ó sì lè jẹ́ wárápá, irú èyí tí kì í gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Ọmọ á kàn tẹjú mọ́ ojú kan fún ìgbà díẹ̀, olùkọ́ á sì rò pé kò fọkàn sí ẹ̀kọ́ ni. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè ní ìpalára nínú ọpọlọ láìjẹ́ pé apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, kí ẹ̀kọ́ wá máa nira fún un. Ó sì lè jẹ́ ọ́tísíìmù náà ni. Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ yàtọ̀: ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tàbí èdè àwọn adití fún ẹnì kan, oògùn fún ẹlòmíràn, ìkọ́ni onísùúrù láti ṣeré àti láti sọ ohun tí ó ń fẹ́ fún ẹni kẹta. Ẹni tó pe adití ní emèrè ti fi ọdún tó yẹ kí ọmọ náà fi kọ́ èdè ṣòfò.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn tí kò kàwé nìkan ló ń ṣi orúkọ pè. Ní 1943, Leo Kanner, dókítà ọpọlọ àwọn ọmọdé ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí ọmọ 11 kan tí ìwà wọn jọra. Ìwé yẹn ló sọ ọ́tísíìmù di mímọ̀ láàárín àwọn oníṣègùn. Kí àwọn ọmọ náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n ti ka àwọn kan lára wọn sí adití, wọ́n sì ti ka àwọn mìíràn sí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Nílẹ̀ wa níbí, Muideen Bakare àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé ìbéèrè kan jáde ní 2008 láti fi wọn ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fúnra wọn mọ̀ nípa ọ́tísíìmù. Bí ó bá di dandan kí a wọn ìmọ̀ àwọn tó wọ aṣọ funfun, kò yẹ kí òbí ka ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo sí abẹ gé e, ì báà jẹ́ dókítà.

Báwo la ṣe ń wo ilé náà, nígbà náà? Kò sí ẹ̀jẹ̀ tí a lè fà tí yóò sọ pé ọmọ ní ọ́tísíìmù. Ìtàn àti ìwòye ni dókítà ń lò: bí oyún ṣe rí, bóyá ọmọ ké nígbà tí wọ́n bí i, bóyá ojú rẹ̀ pọ́n, bóyá gìrì mú un rí, ìgbà tó jókòó, ìgbà tó rìn, ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ tó sì pòórá. Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò etí, tó yẹ kó ṣáájú orúkọ èyíkéyìí. Ìwé ìbéèrè tí àwọn òbí ń rí lórí fóònù kò burú, ṣùgbọ́n asẹ́ lásán ni: ó ń sọ ọmọ tó yẹ ká yẹ̀ wò sí i, kò sọ ohun tó ń ṣe é. Èdè àti àṣà náà ṣe pàtàkì. Ọmọ tó ń gbọ́ Ìjẹ̀bú lẹ́nu ìyá rẹ̀ àti pìjìn lọ́jà lè dákẹ́ bí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé kí ni èyí, kó sì jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n. Èdè méjì kì í fa ọ́tísíìmù; ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí a kò ṣe ní èdè ilé ọmọ lè parọ́ mọ́ ọn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ojú. Àwa ló ń kọ́ ọmọ pé kí ó má wo àgbà lójú, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí nìkan dá ọmọ ọdún mẹ́fà lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ tí kì í wo ojú ìyá rẹ̀, tí kì í na ìka sí ohun tó wù ú kí ìyá rẹ̀ lè bá a wò ó, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀.

Àwọn kan yóò ní orúkọ ọmọ ní ń ro ọmọ, pé bí dókítà bá kọ orúkọ àìsàn sílẹ̀, ó ti fi gégùn-ún fún ọmọ náà nìyẹn. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpárá, nítorí pé àwọn ènìyàn ń fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò wà láìlórúkọ. Wọ́n ti ń pè é ní dìndìnrìn ládùúgbò. Orúkọ tí a wá fara balẹ̀ wò kó tó di pípè ló lè lé èyí tí wọ́n ń sọ lù ú kúrò. Ó tún ní ẹ̀tọ́ nínú: Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣòfin lórí àwọn ènìyàn tó ní ìpèníjà ara láti 2011, òbí tó sì ní ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ ní ohun tí yóò fi bá ilé ìwé sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn yóò ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ kan ń pẹ́ sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń bá ẹgbẹ́ wọn. Àmọ́ kò sí ẹni tó lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ nípa dídúró nìkan. Ọmọ tó pé oṣù 16 tí kò ní ọ̀rọ̀ kan, tó pé ọdún méjì tí kò so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí a ń dúró wò. Ní ti àwọn tó ní ọ̀rọ̀ ọ̀run ni, kí wọ́n rántí pé babaláwo pàápàá kì í yan ẹbọ kó tó dá Ifá. Àdúrà kò sì ní kí a má yẹ etí wò.

Àtakò tó le jù ni ti owó àti ọ̀nà. Láti Ẹ̀pẹ́ dé ẹ̀ka àwọn ọmọdé tí ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ti Yàbá ní ní Òṣòdì, tàbí láti Ìjẹdè gba Mile 12 dé ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà, odindi ọjọ́ ló ń gbà, owó ọjà ọjọ́ yẹn sì ti lọ. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí. Síbẹ̀, ìtàn ọmọ wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wà nílé, fóònù lè gba fídíò ohun tó ń ṣe, olùkọ́ sì lè kọ ohun tó rí sílẹ̀. Òbí tó kó ìwọ̀nyí lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ọmọdé ní ilé ìwòsàn ìjọba Ìkòròdú tàbí ti Ẹ̀pẹ́, tó sì gba ìwé lọ síwájú, kò ní lọ ìrìn tí kò nídìí. Nígbà tí ó bá ń dúró, kò sí orúkọ tí a nílò kí a tó máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí a máa fi ọwọ́ hàn án, kí a sì dáwọ́ nínà án dúró.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí gbogbo ẹrù yìí wà lórí òbí. Ní nǹkan bí 2005 sí 2006, Bolajoko Olusanya, dókítà ọmọdé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ etí àwọn ọmọ ọwọ́ wò níbi tí àwọn ìyá ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG fún ọmọ wọn ní Èkó, wọ́n sì fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ibi tí ìyá ti ń gba abẹ́rẹ́ yìí fún ọmọ wà ní Ìkòròdú, ó wà ní Ẹ̀pẹ́. Bí ìjọba bá fi àyẹ̀wò etí kún un, tó sì kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ láti béèrè nípa ìdàgbàsókè ọmọ ní èdè tí ìyá gbọ́, ọmọ púpọ̀ yóò ti di ẹni tí a mọ ohun tó ń ṣe kí àdúgbò tó ráyè sọ ọ́ lórúkọ.